Olùkọ́ Nakandakari Seitoku, Ẹni Tó Ní Kí Ẹsẹ̀ Kọ́kọ́ Gbọ́ (1939–2019)

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1939, nígbà tí ìjì òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá tí àwọn apẹja Itoman ń tún òrùlé wọn ṣe, ni a bí Bàbá wa, Nakandakari Seitoku, ní ilé kan tó sún mọ́ èbúté, ní gúúsù erékùṣù Okinawa. Bàbá tó bí wọn ni Nakandakari Seikichi, apẹja ọmọ apẹja, ẹni tó lè dúró lórí ọkọ̀ tí ìgbì ń gbé sókè gbé sódò, kó sì máa mu tíì rẹ̀ lọ láìda ẹ̀kán kan sílẹ̀. Ìyá wọn ni Kamado, ọmọ ilé Tamanaha, obìnrin tí kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá jogún ìdúró lọ́dọ̀ bàbá wọn, wọ́n jogún orí kunkun lọ́dọ̀ ìyá wọn, àwa ẹbí la sì jẹ ìyà ogún méjèèjì.

Nígbà tí ogun dé erékùṣù wa ní ọdún 1945, Seikichi bá ọkọ̀ lọ, kò sì padà. Kamado gbé ọmọ rẹ̀, ó sá wọ inú ihò àpáta. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ nípa ihò náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ fún Rumiko, ọmọ wọn obìnrin, ni pé ìyá wọn a máa fi ọwọ́ lé wọn níkùn nínú òkùnkùn, a sì máa sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ibí yìí ni kó o mí sí. Ibí yìí, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ẹ."

Ní ọdún 1946 Bàbá wọ ilé ìwé, bí ó bá ṣeé pè ní ilé. Abẹ́ àgọ́ ni, iyanrìn sì ni wọ́n ń kọ̀wé sí. Tíṣà wọn fẹjọ́ wọn sùn pé ọmọ yìí mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ jókòó. Òòró ló ń dúró ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kamado bi í pé, "Ṣé iṣẹ́ náà tọ̀nà?" Tíṣà ní ó tọ̀nà. "Ẹ jẹ́ kó dúró nígbà náà." Ibẹ̀ ni wàhálà ìdílé yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1952 ni Kamado mú wọn lọ bá Tokashiki Kamesuke, àgbàlagbà kan tó ń kọ́ni ní kàrátè nínú àgbàlá rẹ̀, lábẹ́ igi ọ̀dán, láàárín àwọn ewúrẹ́. Bàbá rò pé ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá ni wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn. Àgbàlagbà náà ní kí wọ́n dúró. Ẹsẹ̀ kan síwájú díẹ̀, ìka ẹsẹ̀ kọjú sínú, orúnkún tẹ̀, ìdí wọlé, èjìká sílẹ̀, èémí nísàlẹ̀ ìdodo. Ìbẹ̀rẹ̀ ìlànà tí wọ́n ń pè ní Sanchin nìyẹn, èyí tí í ṣe Ogun Mẹ́ta: èèyàn ń bá ara rẹ̀ jà, ó ń bá èémí rẹ̀ jà, ó ń bá ọkàn rẹ̀ jà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Olùkọ́ a máa rìn yí akẹ́kọ̀ọ́ ká, a máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a ní èjìká àti ní itan láti mọ̀ bóyá ara dúró. Bí ara bá mì, ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ni Bàbá gbà lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n fi yọ gbogbo wa lẹ́nu títí wọ́n fi di arúgbó: "Ẹsẹ̀ ẹ ò tíì gbọ́."

Bàbá ní orí a máa tètè gbọ́, ẹnu a máa tètè gbọ́ jù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ará oko nínú ara. Ìròyìn máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1958 Bàbá gba iṣẹ́ ní ilé yìnyín tó wà ní èbúté Itoman, níbi tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín fún àwọn apẹja, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń ṣubú, àfi Bàbá. Èyí ì bá jẹ́ ohun ìyìn bí wọ́n bá lè pa ẹnu mọ́. Ọ̀gá wọn pè wọ́n lọ́jọ́ kan, ó ní, "Seitoku, yìnyín la ní kó o gbé. A ò ní kó o máa kọ́ àgbà rìn."

"Ọ̀gá, àwọn àgbà tí ò mọ̀ ọ́n rìn yìí náà ló ń fọ́ yìnyín yín."

Ọ̀gá wo ilẹ̀, ó rí yìnyín fífọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1966 Bàbá fẹ́ ìyá wa, Hatsue, ọmọ Yonabaru, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nínú bọ́ọ̀sì nígbà náà. Bọ́ọ̀sì ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú ọ̀nà etí òkun, Hatsue dúró láàárín rẹ̀ láìdi nǹkan kan mú. Bàbá wọ bọ́ọ̀sì náà lọ, wọ́n wọ̀ ọ́ bọ̀, láìní ibi tí wọ́n ń lọ, kí wọ́n tó lanu sọ̀rọ̀. Màmá ló máa ń sọ èyí tó kù: "Ọkùnrin mìíràn á ní ojú mi dára. Èyí ní ọrùn ẹsẹ̀ mi dúró dáadáa. Mo rò ó pé orí ẹ̀ ò pé. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀." Wọ́n bí Seiji ní ọdún 1967, wọ́n bí Rumiko ní 1970. Ọjọ́ tí Rumiko kọ́kọ́ rìn nínú pálọ̀, Màmá pàtẹ́wọ́, ó pe aládùúgbò wá wò ó. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà, wọ́n ní, "Kò tíì gbọ́."

"Ọmọ ọdún kan ni, Seitoku!"

"Mi ò bú u. Ohun tí mo rí ni mo sọ."

Ní ọdún 1974 wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn onípákó sí ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n kan pátákó orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni. Òkìkí kàn. Àwọn àjèjì ń ti Brazil wá, wọ́n ń ti Belgium wá, Màmá ń dín ejìnrìn pẹ̀lú ẹyin àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fún wọn, wọ́n ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ojú fífún pọ̀. Ìpá ni wọ́n wá kọ́. Ìdúró ni Bàbá fún wọn. Ọkùnrin Denmark kan dúró dúró, ó bi Bàbá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀?" Bàbá ní, "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí." Ọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Màmá ní òun ò dá a lẹ́bi.

Bàbá kò ṣe aláìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Ìjọ kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà ẹja ni ìjọ Màmá, ní ọdún 1988 ni Bàbá sì ṣe ìrìbọmi, nínú òkun, níṣojú gbogbo ìjọ. Pásítọ̀ Yamauchi dì wọ́n mú láti rì wọ́n, ìgbì dé, Pásítọ̀ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Gbogbo wa ní etíkun gbọ́ ohùn Bàbá ketekete: "Pásítọ̀, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀." Pásítọ̀ tẹ orúnkún, ó sì rì wọ́n. Láti ìgbà náà wọn kò pa ìsìn jẹ. Wọ́n a jókòó ní ìjókòó iwájú, ẹ̀yìn wọn a dúró ṣánṣán, wọ́n a sì máa sọ fún àwọn akọrin lẹ́yìn ìsìn pé èjìká ni wọ́n fi ń mí, ìdí nìyẹn tí orin fi ń já. Ní ìgbéyàwó Seiji ní Osaka, wọ́n ní kí oníyàwòrán dúró díẹ̀, wọ́n sì lọ yí ẹsẹ̀ ọkọ ìyàwó sínú. Ẹsẹ̀ Seiji rí bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò náà títí dòní.

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní 1999, wọ́n kó àwọn arúgbó àdúgbò jọ sórí ẹní, wọ́n ń kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń ṣubú láì fọ́ egungun. Màmá pariwo pé, "Àwọn arúgbó tí mò ń bẹ̀ kí wọ́n má ṣubú lo tún pè jọ wá ṣubú!" Síbẹ̀, kò pẹ́ tí Màmá náà fi wà lórí ẹní.

Gbogbo èyí, ẹbí fara dà á. Ohun tí a kò lè fara dà ni ọ̀rọ̀ arọ́pò.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé bí olùkọ́ gbọ̀ngàn kékeré bíi tiwa bá kú láìtọ́ka sí ẹni tí yóò gbà á, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á sọ pátákó ẹnu ọ̀nà kalẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì tú ká sí gbọ̀ngàn ẹlòmíràn. Rumiko ti wà nínú gbọ̀ngàn náà láti kékeré. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní ọ̀sán, ó ń kọ́ àwọn àgbà ní kàrátè ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Bàbá bá jókòó sí kọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe. Orúkọ rẹ̀ ni kò ní. Kò fẹ́ kí ilẹ̀kùn náà tì. Kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ṣe ló jókòó sórí àga tí wọn kò fún un. Tōma Morio, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ jù lọ́dọ̀ Bàbá. Àwọn kan ní òun ló kàn, nítorí ó jẹ́ ọkùnrin, ó sì dàgbà. Ọ̀rọ̀ náà ti sú Morio fúnra rẹ̀.

"Rumiko, àbúrò mi," ló máa ń sọ, "bá mi bẹ bàbá ẹ kí wọ́n fi ẹnì kan jẹ ẹ́. Bó jẹ́ ìwọ, ó dáa. Bó jẹ́ èmi, Ọlọ́run á ràn mí lọ́wọ́. Bó jẹ́ ológbò tó ń sùn lórí òrùlé yẹn, ká ṣáà mọ̀."

Rumiko bẹ̀ wọ́n. Ó bẹ̀ wọ́n lórí oúnjẹ, ó bẹ̀ wọ́n nínú mọ́tò, ó bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ ọdún tuntun nígbà tí gbogbo ilé pé. Ìdáhùn kan náà ló ń gbà.

"Ẹsẹ̀ ò tíì gbọ́."

"Ẹsẹ̀ ta, Bàbá? Ẹsẹ̀ èmi ni àbí ti Ẹ̀gbọ́n Morio?"

"Ẹsẹ̀."

Rumiko a jáde lọ síta, a lọ gbá ilẹ̀ tó ti mọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017 àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá nínú ilé ìwẹ̀. Apá òsì kú lára wọn. Ilé ìwòsàn fún wọn ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ishimine, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ́ aláìsàn bí a ti ń dìde, bí a ti ń rìn. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ iṣẹ́, ó sì ní sùúrù. Bàbá kọ̀ fún un. Wọ́n ní ìdúró tó ń kọ́ àwọn kì í ṣe ìdúró. Wọ́n di ojú, wọ́n di ẹnu, wọn kò gbé ẹsẹ̀. Màmá bínú.

"Seitoku, ẹni tí wọ́n gbé kúrò nílẹ̀ ilé ìwẹ̀ ló ń bú ìdúró ẹlòmíràn yìí! Ojú ò tì ẹ́?"

Bàbá kọjú sí ògiri. Dókítà ní bí wọn kò bá gbéra láìpẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì náà ni wọ́n máa wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Rumiko pe Ishimine sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kó fi ohun tó fẹ́ kí Bàbá ṣe han òun. Ishimine dúró: ẹsẹ̀ kan síwájú, orúnkún tẹ̀, ìdí wọlé, èjìká sílẹ̀. Rumiko wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín tí kò dùn mọ́ ọn. Ohun tí Bàbá kọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, Ogun Mẹ́ta ni.

Ó wọ yàrá, ó ṣí aṣọ kúrò lára bàbá rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ wọn kanlẹ̀, òun àti Ishimine gbé wọn dúró. Kò bẹ̀ wọ́n mọ́. Ó gbá wọn ní itan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbá a láti kékeré.

"Ẹ tẹ orúnkún."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ mí sísàlẹ̀. Bàbá, èjìká lẹ fi ń mí! Ẹ̀yin tí ẹ bú àwọn akọrin!"

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà rò pé ìjà ni. Bàbá mí sísàlẹ̀.

Bí wọ́n ti ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn náà ní ilé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Rumiko a ti ilé ìwé dé, ọwọ́ rẹ̀ a ṣì ní ọ̀dà tí àwọn ọmọ fi ń ya àwòrán, a sì bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Bàbá a máa ṣubú, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣubú, wọn kò fọ́ nǹkan kan. Rumiko a jókòó tì wọ́n nílẹ̀, a máa sunkún, a máa bínú sí ẹkún náà. Ó ń bi ara rẹ̀ pé bí ẹni yìí bá lọ láìsọ̀rọ̀, kí ni òun yóò sọ fún àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn? Nígbà tí ọdún 2018 ń parí, Bàbá ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Rumiko tún bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní ebi ń pa àwọn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019 gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti tuntun pé jọ fún ìdárayá àkọ́kọ́ nínú ọdún. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ọjọ́ náà ni Bàbá máa sọ̀rọ̀, nítorí bí wọn kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ìgbà wo ni? Nínú gbọ̀ngàn kàrátè, ìlà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tó ti pẹ́ jù ń dúró ní apá ọ̀tún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń dúró ní apá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí òtútù ti ń wọlé. Olùkọ́ nìkan ló ń dúró níwájú kọjú sí ìlà, ìlà a sì forí balẹ̀ fún un kí ìdárayá tó bẹ̀rẹ̀. Morio wà lórí ìlà, Rumiko tẹ̀ lé e, àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn, títí dé ọ̀dọ̀ Akamine, ọkùnrin tó ń tún fìríìjì ṣe, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wa lóṣù tó ṣáájú.

Bàbá bọ́ sálúbàtà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tẹ ọ̀pá wọlé. Gbogbo èèyàn ń retí kí wọ́n kọjá sí iwájú. Wọn kò kọjá síbikíbi. Wọ́n yà sí apá òsì, wọ́n dúró ti Akamine, ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Kò sí ẹni tó lè forí balẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí wọn yóò forí balẹ̀ fún. Akamine ń làágùn nínú òtútù.

"Ọ̀gá," Morio wí jẹ́jẹ́, "iwájú ni àyè yín wà."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni," Bàbá dá a lóhùn. "Mo ní olùkọ́ tó ń pariwo mọ́ mi láti ìdúnta. Ó dà?"

Ojú gbogbo èèyàn yí sí Rumiko. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá, ẹ fi ẹnu sọ ọ́! Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ṣé ọ̀rọ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Bàbá tẹ orúnkún, wọ́n sọ èjìká sílẹ̀, wọ́n ń wo iwájú bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó ń bẹ̀rù ìbáwí.

Morio mí kanlẹ̀. "Rumiko, jọ̀ọ́, lọ síwájú. Òtútù ń wọ̀ mí leegun."

Ó lọ. Ìlà forí balẹ̀ fún un, ó forí balẹ̀ fún ìlà. Ó rìn yí gbogbo wọn ká, ó ń gbá èjìká, ó ń gbá itan, kò fojú fo Morio. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbá bàbá rẹ̀ ní èjìká. Apá ọ̀tún dúró. Apá òsì mì.

"Ẹ yí ẹsẹ̀ yẹn sínú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olùkọ́," ni Bàbá wí.

Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ níṣojú ẹbí nìyẹn. Ó tó.

Láti ọjọ́ náà Bàbá kò kúrò ní ìdí ilẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn mìíràn wọlé lóṣù kẹrin, wọ́n ní kí àwọn yẹn dúró lókè àwọn. Akamine wá fẹjọ́ sun Màmá: "Ìyá, mo ti di àgbà ní gbọ̀ngàn yìí láìmọ nǹkan kan." Màmá ní kó ní sùúrù, ọkọ òun ti fi ojú òun náà rí nǹkan tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2019, lẹ́yìn tí wọ́n mu omi ọbẹ̀ ẹja díẹ̀, Bàbá sùn, wọn kò sì jí mọ́.

Wọ́n fi aya wọn sílẹ̀, Hatsue, tí ó ṣì ń dúró láìdi nǹkan kan mú. Ọmọkùnrin wọn Seiji àti Kanako aya rẹ̀ ní Osaka. Ọmọbìnrin wọn Rumiko ní Itoman. Àti ọmọ-ọmọ méjì, Takuma àti Honoka. Wọ́n fi Tōma Morio sílẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó gbé ẹsẹ̀ pósí wọn, tí kò sì jẹ́ kó mì.

Ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ Pásítọ̀ Yamauchi, lọ́wọ́ Ishimine, àti lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá. Pátákó ẹnu ọ̀nà wà níbi tó wà. Gbọ̀ngàn á ṣí ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Seiji bi àbúrò rẹ̀ pé ṣé kò ní sinmi díẹ̀ nítorí ọ̀fọ̀. Rumiko ní àwọn kan forúkọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn kò sì tíì mọ bí èèyàn ṣe ń dúró. Ta ni kó máa wò wọ́n?

Bàbá, ẹ ti ṣiṣẹ́ ìdúró tó. Ẹ dùbúlẹ̀ wàyí. Kí ilẹ̀ Itoman gbà yín jẹ́jẹ́, kí Olúwa dì yín lọ́wọ́ mú dé ilé. Ó dàárọ̀ o.